Àpótí Ìpamọ: Ká Tó Yá Owó, Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Iṣẹ́ Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa)

   

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìnkúbétọ̀, ìyẹn àpótí tó ń bá adìyẹ sàba. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó fà á. Nínú ìpàdé wa mẹ́ta tó kọjá, ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan ní kí ẹgbẹ́ yá owó ńlá, ká ra ẹ̀rọ tó ń gba ẹgbẹ̀rún ẹyin. Àwọn kan ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti Ajégúnlẹ̀ níbi tí iná kì í ti í dúró. Èmi ò wá gbè sẹ́yìn ẹnì kankan o. Mo fẹ́ sọ bí àpótí náà ṣe ń ṣiṣẹ́, bí èèyàn ṣe lè kàn án fúnra rẹ̀, ibi tí èrè rẹ̀ wà, àti ibi tí ewu rẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ni màá wá sọ àbá tèmi.

KÍ LÓ FI KÀN WÁ?

Ajégúnlẹ̀ lorúkọ àdúgbò wa. Àwọn tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gbà pé ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ajé tó gúnlẹ̀ lè ṣí bí a ò bá tọ́jú rẹ̀. Ẹ ò gbàgbé àwọn ọdún tí tírélà dí ọ̀nà Àpápá pa, kí ìjọba tó gbé ètò pípe ọkọ̀ tí wọ́n sọ ní Ètò jáde ní oṣù kejì ọdún 2021. Oníbàárà tó ń ti Súrùlérè wá kò lè wá mọ́. Ọdún 2020 ṣáájú rẹ̀, kòrónà ti gbogbo wa mọ́lé. Nígbà méjèèjì yẹn, ẹni tó ní ọ̀nà ìjẹ kan ṣoṣo ló jìyà jù.

Nǹkan kejì ni pé a ní àwọn ìyá nínú ẹgbẹ́ yìí tí ẹsẹ̀ ò gbà láti dúró ti ìsọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ mọ́. Wọ́n ṣì ń dá owó wọn lóṣooṣù, wọn ò sì fẹ́ máa wo ọwọ́ ọmọ. Iṣẹ́ tí èèyàn lè jókòó sílé ṣe, tó fẹ́ sùúrù àti ojú tó là ju agbára lọ, irú àwọn ìyá yìí ló bá mu. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi tó jókòó sọ dáadáa, tí kò sì yẹ ká fi ìbínú pa á tì.

IṢẸ́ ÀTIJỌ́ NI

Àwọn kan rò pé iṣẹ́ òyìnbó ni. Rárá o. Ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni wọ́n ti ń ṣe é tipẹ́. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìsì tó gbé ayé ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní Íjíbítì, wọ́n ń ri ẹyin mọ́ inú ìgbẹ́ ẹran kí ooru rẹ̀ lè pa á. Nígbà tó yá, àwọn ará Íjíbítì kọ́ ilé alámọ̀ tó dà bí ààrò, wọ́n ń dáná jẹ́jẹ́ sí i, wọ́n sì ń pa ọ̀pọ̀ ẹyin lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò ní tẹmọ́mítà. Ńṣe ni wọ́n ń mú ẹyin kan ìpéǹpéjú láti mọ̀ bóyá ooru tó. Bàbá ló ń fi iṣẹ́ náà lé ọmọ lọ́wọ́. Ọdún 1879 ni Lyman Byce ní ìlú Petaluma, ní California, ní Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ onígi tirẹ̀ tó mú kí iṣẹ́ òwò adìyẹ búrẹ́kẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ohun tí wọ́n fi ìpéǹpéjú mọ̀, àwa náà lè mọ̀ ọ́n.

OHUN TÍ ADÌYẸ Ń ṢE LÓRÍ ẸYIN

Bí adìyẹ bá sàba, nǹkan mẹ́rin ló ń fún ẹyin: ooru, ọ̀rinrin, afẹ́fẹ́, àti yíyí. Ooru ara rẹ̀ ló ń mú ọmọ inú ẹyin dàgbà. Ọ̀rinrin abẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi inú ẹyin gbẹ jù. Ó máa ń dìde lọ jẹun, afẹ́fẹ́ a sì fẹ́ sí ẹyin náà. Ó sì ń fi ẹnu yí i, kí ọmọ inú rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ èèpo. Gbogbo ohun tí àpótí wa máa ṣe nìyí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fún ẹyin ní mẹ́ta, tó gbàgbé ìkẹrin, kò ní rí òròmọdìyẹ.

BÍ A ṢE Ń KAN ÀPÓTÍ

Fún bíi àádọ́ta ẹyin, àpótí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, tó sì ga tó bẹ́ẹ̀, ti tó. Káfíńtà lè fi pláíwúùdù kàn án. Ẹ fi fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí tẹ́ inú rẹ̀ yíká, kí ooru má baà sá lọ. Firíìjì tó ti kú náà dára gan-an, nítorí pé ohun tí kì í jẹ́ kí òtútù jáde kì í jẹ́ kí ooru jáde náà. Ẹ fi gíláàsì kékeré sí ojú ilẹ̀kùn kí ẹ lè máa wo inú láìṣí i.

Ẹ lu ihò tó tó ìka, mẹ́ta nísàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́, mẹ́ta lókè. Ẹyin ń mí o! Ẹni tó bá dí gbogbo ihò nítorí pé ó fẹ́ kí ooru pọ̀, ńṣe ló ń fún ọmọ inú ẹyin lọ́rùn.

Gílóòbù méjì tó jẹ́ 40 wáàtì ni kí ẹ fi sí i, kí ọ̀kan lè máa ṣiṣẹ́ bí èkejì bá jó. Gílóòbù onírin inú tàtijọ́, tó máa ń jó èèyàn lọ́wọ́, ni mò ń sọ. Àwọn gílóòbù funfun tuntun tí kì í jẹ iná kò ní ooru tó lè pa ẹyin. Ẹ fi agolo mílíìkì tí ẹ ti dá ihò sí lára bò ó, kí ó má baà kan igi tàbí fóòmù, kí òròmọdìyẹ má sì sá bá a.

Ohun tó ń tan iná tó sì ń pa á fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní tẹmọ́sítáàtì. Ẹ lè rí i ní ọjà Àlàbá ní Ọ̀jọ́. Ẹ jẹ́ kí orí wáyà rẹ̀ tó ń mọ ooru wà ní ìbádọ́gba pẹ̀lú ẹyin, kó má sún mọ́ gílóòbù. Fáànù kékeré tí wọ́n yọ lára kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́ ló máa ń tú ooru ká. Bí fáànù bá wà, ìwọ̀n 37.5 ni kí ooru wà. Bí kò bá sí fáànù, ẹ wọ̀n ọ́n ní orí ẹyin, kó jẹ́ 38.5, nítorí pé òkè máa ń gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ.

Ẹ má gba ohun tí tẹmọ́sítáàtì bá sọ gbọ́ láìdán an wò. Ẹ po omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ ki orí wáyà náà bọ̀ ọ́ pẹ̀lú tẹmọ́mítà tí wọ́n fi ń wọn ibà ọmọdé. Bí méjèèjì ò bá sọ ohun kan náà, ti ibà ni kí ẹ gbà gbọ́, kí ẹ sì fi ìyàtọ̀ àárín wọn tún ti àpótí ṣe.

Abọ́ omi á wà nísàlẹ̀. Bí ẹnu abọ́ ṣe fẹ̀ tó ló ń mú ọ̀rinrin wá, kì í ṣe bó ṣe jìn tó. Ọ̀rinrin 50 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ọjọ́ méjìdínlógún àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, ẹ gbé abọ́ kejì sí i, kó di 65 sí 70. Nígbà ọyẹ́, omi máa ń tètè gbẹ, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ tan àpótí fún odidi ọjọ́ kan láìfi ẹyin sí i. Bí ooru bá dúró sójú kan, ó yá.

ẸYIN WO NI KÁ RÀ?

Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù. Ẹyin tí a ń tà ní kírétì fún dídín àti síse, inú kéèjì ni adìyẹ tó yé e wà, àkùkọ ò gùn ún. Bí ẹ fi ooru oṣù mẹ́ta sí i, kò lè di ọmọ. Ẹyin tí àkùkọ ti gun ìyá rẹ̀ ni kí ẹ wá, lọ́dọ̀ ẹni tó ní àkùkọ kan sí abo mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀ wà lára rẹ̀. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta náà ti mú irú adìyẹ kan jáde láti ara ti ìbílẹ̀ wa, tí wọ́n ń pè ní FUNAAB Alpha.

Ẹyin náà kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ méje lọ. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì gbé e sí inú firíìjì. Èyí tó tóbi jù, tó kéré jù, tó ṣe wọ́gọwọ̀gọ, tàbí tó sán, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí ó bá ti ọ̀nà jíjìn wá nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà, ẹ jẹ́ kó sinmi mọ́jú, kí orí rẹ̀ ṣóńṣó wà nísàlẹ̀, kí ẹ tó gbé e wọ àpótí.

ỌJỌ́ MỌ́KÀNLÉLÓGÚN

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ti adìyẹ. Ti tòlótòló jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ má pò wọ́n pọ̀.

Ẹ fi pẹ́ńsù kọ àmì kan sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹyin, kí ẹ kọ òmíràn sí ìkejì. Ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Kí ló dé tí kì í ṣe mẹ́rin? Bó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún, ẹ̀gbẹ́ tó fi sùn lánàá kọ́ ló máa fi sùn lónìí. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ní alẹ́ ọjọ́ keje, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹyin níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó ní ọmọ, ẹ ó rí iṣan tín-ín-rín tó tàn ká bí okùn aláǹtakùn. Èyí tó mọ́ kedere, àkùkọ ò gun ìyá rẹ̀. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ṣe òrùka nínú rẹ̀ ti kú. Ẹ yọ àwọn méjèèjì yìí, nítorí pé ẹyin tó bá jẹrà lè bẹ́ nínú àpótí, kó sì ba gbogbo ìyókù jẹ́.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, ẹ dáwọ́ yíyí dúró. Ẹ bù kún omi, kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà yẹn, ẹ má ṣí i mọ́. Mo mọ̀ pé ojú á máa yún yín nígbà tí ẹ bá gbọ́ "píyọ́-píyọ́" nínú èèpo. Bí ẹ bá ṣí i, ọ̀rinrin á jáde, awọ inú èèpo á gbẹ mọ́ ọmọ lára, kò sì ní lè jáde mọ́. Ẹ má ràn án lọ́wọ́ láti fọ́ èèpo. Ọmọ tó bá ti jáde lè wà níbẹ̀ títí dé ọjọ́ kejì láìjẹ láìmu, torí pupa ẹyin tó wọ inú ikùn rẹ̀ kó tó jáde ló ń jẹ. Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ gbẹ, kó dà bí òwú, kí ẹ tó gbé e.

BÍ WỌ́N BÁ MÚ INÁ LỌ

Ìbéèrè tí gbogbo yín ń bi mí nìyí. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ooru tó pọ̀ jù ló ń yára pa ẹyin ju òtútù lọ. Bí ó bá kọjá 40, wákàtí díẹ̀ lè pa gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ooru Èkó yìí, tí àpótí sì dì dáadáa, ọmọ lè pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ á kú. Ìyá adìyẹ náà ṣáà máa ń dìde.

Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn ṣáá. Ẹ da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ẹ má di ihò. Bó bá fẹ́ pẹ́, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ike, ẹ dé e pa, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹyin, kó má kàn án. Bí ó bá tutù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní ínfátà ti rí àánú gbà. Ẹ wá kọ wákàtí tí iná lọ àti èyí tó dé sínú ìwé. Ìwé yẹn ló máa sọ fún wa bóyá iṣẹ́ yìí bá àdúgbò wa mu, kì í ṣe àríyànjiyàn ìpàdé.

EWU TÓ WÀ NÍBẸ̀

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ fetí sílẹ̀ níbí. Ilé ojú-kojú ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé, ìdílé mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ òrùlé kan. Gílóòbù tó gbóná nínú àpótí tí wọ́n tẹ́ fóòmù sí, tó ń tàn tọ̀sán tòru fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wáyà rẹ̀ ò bá dára, ilé ló lè jó. Nítorí náà, páálí kò ṣe é lò. Àtùpà kẹrosíìnì kò gbọdọ̀ wọ inú àpótí. Oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ni kó so wáyà. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nítorí ẹyin. Gáàsì olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kì í rùn, ṣùgbọ́n ó ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ̀yin náà mọ bí òjò ṣe máa ń kún wọlé wa. Orí tábìlì ni kí àpótí wà, kí wáyà má fara kan ilẹ̀.

Ti àrùn ńkọ́? Ní oṣù kejì ọdún 2006, àrùn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀dù fúlúù wọ orílẹ̀-èdè wa, oko adìyẹ kan ní Jàjí, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, ó pa obìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Èkó yìí. Ó tún padà wá ní 2015. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ká má sin adìyẹ nínú yàrá tí ọmọ ń sùn. Ká pa ẹyin, ká fún òròmọdìyẹ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lúkúlúkú lọ́dọ̀ dókítà ẹran, ká sì tà á láàárín ọ̀sẹ̀ kan fún àwọn tó ní ilẹ̀ ní Badagry, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Bí adìyẹ bá ń kú lójijì, ẹ má pa á jẹ, ẹ má sì tà á. Ẹ ké sí dókítà ẹran ní káńsù. Lẹ́yìn ìpamọ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọṣẹ àti jííkì fọ àpótí, kí ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ Ọ́

Oníṣòwò ni wá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Àpẹẹrẹ lásán ni owó tí mo fẹ́ dá yìí o, ẹ lọ fi iye tòní rọ́pò rẹ̀. Ká ní ẹ ra àádọ́ta ẹyin ní ₦200 níkọ̀ọ̀kan, ₦10,000 nìyẹn. Ká ní iná, omi gbígbóná àti abẹ́rẹ́ jẹ́ ₦5,000. Gbogbo rẹ̀ ₦15,000. Bí ọgbọ̀n bá jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan ná yín ní ₦500. Bí márùndínlógún péré bá jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan ná yín ní ₦1,000. Bí ọjà bá ń ra òròmọdìyẹ ní ₦700, ẹni tó rí ọgbọ̀n jèrè ₦6,000, ẹni tó rí márùndínlógún pàdánù ₦4,500. Èèyàn gbọ́dọ̀ rí méjìlélógún kó tó lè sọ pé owó òun padà. A ò sì tíì ka owó káfíńtà.

Ẹ wá wò ó: bó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún ẹyin la fi bẹ̀rẹ̀, lórí owó àyálò tó ń jẹ èlé, tí ìdajì rẹ̀ kú sínú èèpo, ta ló máa san án? Onídùúró ni. Ta ni onídùúró? Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lónìí ni. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé ẹ̀rọ òun máa ń pa gbogbo ẹyin láìku ẹyọ kan, ẹ bi í pé ṣé ìyá adìyẹ fúnra rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀.

ÀBÁ TÈMI

Àbá mi kò pọ̀. Ìkíní, kí ẹgbẹ́ má yá owó fún ẹ̀rọ ńlá ní ọdún yìí. Ìkejì, kí a fi díẹ̀ lára èrè ẹgbẹ́, láìfọwọ́ kan owó ìfowópamọ́ ẹnikẹ́ni, kan àpótí ẹlẹ́yin àádọ́ta kan ṣoṣo. Ìkẹta, kí a fi lé àwọn ìyá mẹ́ta tí wọ́n máa ń wà nílé lọ́wọ́, kí ọmọ kan tó ń lọ síléèwé máa bá wọn kọ ìwé: iye ẹyin tó wọlé, iye tí a yọ ní ọjọ́ keje, iye tó jáde, wákàtí tí iná fi lọ, iye tí a tà á. Ìkẹrin, kí a pamọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta nìyẹn, pẹ̀lú fífọ àti ìsinmi. Bí ìwé bá fi hàn pé èrè wà nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹni tó bá fẹ́ ti ara rẹ̀ wá gba owó àyálò kékeré, èmi gan-an á bá a kọ ìwé rẹ̀. Bí èrè ò bá sí, kò ní sí onídùúró tó máa sunkún, a ó kàn ta àpótí fún ẹni tó ní ilẹ̀ àti iná tó dára.

Àwọn tó ní ká ṣe é àti àwọn tó ní ká má ṣe é, ire ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn ń wá. Ẹyin ló ń di àkùkọ, ṣùgbọ́n kì í dì í lọ́jọ́ kan. Ẹ jẹ́ ká dìbò lórí rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìfẹ́.

Ọlọ́run á bù sí òwò wa. Àwọn ìyá wa á jẹun ọmọ, àwọn ọmọ wa kò ní sọnù. Ajé tó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa kò ní ṣí lọ.  Mo dúró fún ìbéèrè.